Rìsíìtì Tí A Kò Kọ Iye Sí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Tí Káńsù Ń Rà

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ẹni tó bá ti tajà ní Etioro, ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́ fún ọdún mélòó kan, yóò ti rí i. Ọkùnrin kan á dé ìsọ̀, á ra korobá mẹ́wàá, ìgbálẹ̀ ogún àti páálí ọṣẹ kan. Á ná an bí gbogbo èèyàn ṣe ń ná ọjà, á gba ẹ̀dínwó, á tún tọrọ èènì. Nígbà tó bá sanwó tán, á wá sún mọ́ni, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní rìsíìtì, àmọ́ ẹ má kọ iye sí i. A máa kọ ọ́ ní ọ́fíìsì." Nítorí pé a fẹ́ kí oníbàárà padà wá, a ó ya rìsíìtì, a ó lu òǹtẹ̀ ìsọ̀ sí i, a ó fún un. Yóò ní "Ẹ ṣé, màmá." Ó parí.

Ṣé ó parí lóòótọ́? Ibi tí rìsíìtì yẹn ń lọ ni a fẹ́ tẹ̀ lé e dé lónìí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń gbé e kiri. Ó ń lọ sí iléèwé, sí ilé ìwòsàn, sí ilé iṣẹ́ aládàáni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sí káńsù ló kan wa jù, torí owó tiwa ni wọ́n fi ra korobá yẹn.

OWÓ TA NI?

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé owó ìjọba ni, kò kàn wá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò.

Àkókó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin nínú méjìdínlógún tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkókó Ìlà Oòrùn Àríwá ní Ìkàrẹ́ ṣe olú rẹ̀, Àkókó Ìwọ̀ Oòrùn Àríwá wà ní Òkè-Àgbè, Àkókó Ìlà Oòrùn Gúúsù wà ní Ìsùà. Àkókó Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù tí Etioro wà nínú rẹ̀ ní Ọ̀kà ṣe olú. Ọ̀nà méjì gbòógì ni owó ń gbà wọlé sí káńsù kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù láti Àbújá. Èkejì ni owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ aráàlú: tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, owó ìsọ̀, owó gáréèjì, owó ibi ìpẹran. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kò fi ìgbà kankan bi wá bóyá a ti tajà kí a tó san án. Bí òjò rọ̀, a san. Bí oòrùn mú, a san. Owó èkejì yìí jẹ́ owó wa láìsí àríyànjiyàn. Tó bá sì jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni, a kò gbọ́ pé orí igi ni Àbújá ti ká a. Epo rọ̀bì tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà àti owó orí lórí ọjà tí a ń rà ló wà nínú rẹ̀.

Òfin náà sì sọ ohun tí owó yẹn wà fún. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó dárúkọ ọjà síbẹ̀, ó dárúkọ ibi ìpẹran, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná títì àti kíkó ilẹ̀ dànù. Nítorí náà bí a bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ohun tí káńsù ń rà, a kò yọjú sí ohun tí kò kàn wá. Iṣẹ́ wọn ni ọjà. Ọjà sì ni wá.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ á rántí ọdún 2004. Láti oṣù kìíní ọdún náà ni iléeṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn. Ńṣe ni àwọn èèyàn ń ya ojú ewé náà pa mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé ń bẹ ọmọ iléèwé pé kó bá òun wo iye tí káńsù òun gbà. Ohun tí a rí nígbà náà ni pé mímọ iye tó wọlé ò tó. Ẹni tó mọ iye tí ọkọ gbà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ ohun tó rà bọ̀ láti ọjà, ebi ṣì lè pa á.

BÓ ṢE YẸ KÍ KÁŃSÙ RAJÀ

Àwa ọlọ́jà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń rajà. Bí ìyá kan bá fẹ́ ra gàrí ogún báàgì lọ tà ní Àkúrẹ́, kò ní ra ti ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Á béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, mẹ́rin. Á ti ọwọ́ bọ báàgì, á wò ó bóyá ó gbẹ, á mọ irú kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bó bá dé ilé, á ka báàgì náà kó tó sanwó alárù. Bó bá jẹ́ owó àjọ ni wọ́n fi rà á, á wá ṣàlàyé fún àwọn tó dá owó.

Ìlànà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní láti tẹ̀ lé kò ju báyẹn lọ. Ẹ̀ka tó nílò nǹkan á kọ̀wé béèrè. Wọ́n á wò ó bóyá nǹkan náà wà nínú ìwé ìṣúná ọdún yẹn tí àwọn káńsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ nǹkan kékeré, wọ́n á gba iye lọ́wọ́ ẹni bíi mẹ́ta, kí wọ́n mú èyí tó dára jù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá, bíi kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ tàbí kí wọ́n la gọ́tà, wọ́n á kéde rẹ̀, kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ iye wọn sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà á jókòó, wọ́n á ṣí gbogbo ìwé náà lójú ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ ìrajà, tí gbogbo wa ń pè ní LPO, á jáde. Ọjà á dé sítọ́ọ̀, ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ á kà á, á fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni akápò á tó sanwó, tí ayẹ̀wéwò owó á sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ìlànà yẹn dára. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀dá èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn ilé wọ inú ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì.

IBI TÍ AGBÁDA TI Ń JÒ

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá tóbi débi pé ó ní láti lọ síwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà, wọ́n á gé e sí ọ̀nà márùn-ún. Gọ́tà kan ṣoṣo á di gọ́tà òkè, gọ́tà àárín, gọ́tà ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà gọ́tà àti ìdérí gọ́tà. Kọ̀ọ̀kan á kéré ju ohun tó ń lọ síwájú ìgbìmọ̀, ẹnì kan ṣoṣo á sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni ìwé mẹ́ta láti ọwọ́ ẹnì kan. Òfin ní kí wọ́n gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n á sì gba mẹ́ta lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni, orúkọ ilé ìtajà nìkan ló yàtọ̀. Méjì nínú wọn kò ní ìsọ̀ níbikíbi lábẹ́ ọ̀run.

Ẹ̀kẹta ni ìyàtọ̀ láàárín iye ọjà àti iye ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ká ní báàgì sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 10,000 náírà nínú ọjà, tí wọ́n wá kọ 14,000 náírà síwèé. Fún báàgì kan, 4,000 náírà ni. Fún igba báàgì, ó ti di 800,000 náírà. Ẹ bi ara yín pé mélòó nínú wa ló ní iye yẹn gẹ́gẹ́ bí owó òwò. Owó tí ìbá gbé ìsọ̀ méjì, mẹ́ta dìde ni wọ́n fi bíírò kọ sọnù yẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọ́ ilé wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni ìpàdé tí kò ní ìwé. Wọ́n á ní ìgbìmọ̀ jókòó. Ọjọ́ wo? Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ta ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ta ló sọ pé rárá? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹgbẹ́ wa tí kò ju ẹgbẹ́ ọlọ́jà lọ ní akọ̀wé tó ń ka ìwé ìpàdé tó kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí a bá ra àga ìgbàlejò mẹ́fà, a ní láti jẹ́ kí ilé gbọ́. Ká wá sọ pé ilé ńlá tí ń ná owó ìlú kò lè ṣe ohun tí ẹgbẹ́ onígàrí ń ṣe?

A mọ ọjà kan ní àgbègbè yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ káńsù tó ni í. Wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n kùn ún dáadáa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí kànga, páìpù tó wọ inú ògiri kò jáde síbì kankan. Àwọn ìyá wa ṣì ń lọ sínú igbó lẹ́yìn ọjà, níbi tí ejò ti lè bu èèyàn jẹ. Nígbà tí a béèrè iye tí wọ́n ná, wọ́n ní kí a lọ bi agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tí a béèrè agbaṣẹ́ṣe, wọ́n ní ó ti gbowó, ó ti lọ. A ò rí ẹni tó lè fi ìwé hàn wá. Ohun tó dùn wá jù ni pé bricklayer àti plumber tó mọṣẹ́ wà nínú ìlú, wọ́n ń wo iṣẹ́ náà bó ṣe ń lọ, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

KÌ Í ṢE ÒNÍ, KÌ Í ṢE ÀNÁ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé òyìnbó kan, E. W. J. Nicholson, dìde láti wádìí bí Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Adégòkè Adélabú ni alága ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 1956, Adélabú sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní òṣèlú lásán ni, torí ẹgbẹ́ NCNC ló wà, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló sì ń ṣe ìjọba agbègbè. Àwọn yòókù ní òótọ́ ni wọ́n rí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì lè jiyàn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀kọ́ tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé tí a kò ṣí sílẹ̀ fún ìlú máa ń ba ti olóòótọ́ àti ti ọ̀bàyéjẹ́ jẹ́ papọ̀. Bí ìlú bá ti rí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tí òṣèlú máa gùn lẹ́ṣin.

Tó bá wá kan obìnrin, Abẹ́òkúta kò jìnnà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà níbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ látorí òṣèlú ńlá. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà nígbà ogun Hitler àti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ló bí wọn nínú. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jókòó síwájú ààfin. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí oyè ní 1950. Obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ jókòó síwájú ààfin ọba kankan ní Àkókó. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ń san owó ló béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìyẹn kò di àrífín láyé wọn, kò yẹ kó di àrífín láyé wa.

Ẹ tún jẹ́ ká wo òkè òkun díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, àwọn àgbẹ̀ àti lébìrà kóra jọ ní 1990, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ìyá kan tó ń jẹ́ Aruna Roy wà lára àwọn aṣáájú wọn. Láti òpin ọdún 1994 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìpàdé ìta gbangba ní abúlé. Wọ́n á ta aṣọ sókè fún ìbòòji, wọ́n á gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, wọ́n á sì máa ka ìwé ìnáwó ìjọba sókè: bílì, orúkọ lébìrà, iye òkúta tí wọ́n rà. Bí wọ́n bá ka orúkọ ẹnì kan pé ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni náà á dìde pé òun ò ṣe iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá ka pé iṣẹ́ kan parí, àwọn ará abúlé á ní kí gbogbo wọn jọ lọ wò ó. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń jókòó níbẹ̀ kò mọ̀wé kà. Etí ni wọ́n fi gbọ́, ojú ni wọ́n fi rí. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ohun tó di òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ti gbogbo Íńdíà ní 2005 ti dìde.

ÒFIN TÓ WÀ LẸ́YÌN WA

Òfin ò jìnnà sí àwa náà. Ní 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí bí ìjọba ṣe ń ra nǹkan. Òfin náà ka pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ láti fi sá fún ìgbìmọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n pe aṣojú ẹgbẹ́ aráàlú wá wo bí ìrajà ṣe ń lọ. Ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin yẹn, Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sì ní tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ní 2011, wọ́n ṣe òfin òmìnira ìròyìn. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ìyá wa: ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti bá òun béèrè, bó bá sì fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé òfin yẹn kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà.

Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ló dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ há sọ́wọ́ gómìnà mọ́, àti pé káńsù tí aráàlú dìbò yàn ló yẹ kó máa ná an. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìdájọ́ náà, owó ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́. Tẹ́lẹ̀, bí a bá béèrè nǹkan ní káńsù, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé "Àkúrẹ́ ló mú owó náà." Ó lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí òmìnira bá dé tán, àwáwí yẹn ti kú nìyẹn. Káńsù tó bá gba òmìnira lọ́wọ́ gómìnà gbọ́dọ̀ gba ojú ìlú mọ́ra. Ọmọ tó ní òun ti tó gbé owó ara òun, òun náà ló máa jíhìn rẹ̀.

ÀWA NÁÀ NÍ Ẹ̀BI

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, a ò sì ní fò ó.

Rìsíìtì tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan tí a kà sókè yìí, ìsọ̀ ta ló ti wá? Òǹtẹ̀ ta ló wà lórí rẹ̀? Akápò kò lè sanwó láìsí rìsíìtì. Ayẹ̀wéwò owó kò lè rí àṣìṣe níbi tí rìsíìtì ti bá ìwé mu. Ọwọ́ ọlọ́jà ló fi ọ̀bẹ fún wọn. Bí a bá lọ sí káńsù láti pariwo, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi rẹ́rìn-ín, á ṣí fáìlì, á yọ rìsíìtì tiwa jáde, á ní, "Màmá, ṣé òǹtẹ̀ yín kọ́ nìyí?" Kí ni a máa wí?

Àwọn kan nínú wa á ní, "Bí mi ò bá fún un, á lọ sí ìsọ̀ kejì." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Bí gbogbo ìsọ̀ bá sọ pé rárá, kò sí ìsọ̀ kejì tí yóò lọ. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe fẹnu kò lórí kóńgò, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gé ìdí kóńgò mọ́ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ bá a wí.

Ohun kejì tí ó yẹ ká jẹ́wọ́ ni pé àwọn kan nínú wa ń tajà fún káńsù ní iye tó ju ti ọjà lọ, ìdí sì wà. Káńsù máa ń rà láwìn. Wọ́n á kó ọjà lónìí, wọ́n á sanwó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí owó náà kò ní lè ra ìdajì ohun tí a tà mọ́. Láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀ ní 2023, ta ló lè ta sìmẹ́ǹtì láwìn oṣù mẹ́fà kó má gbé owó lé e? Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àfikún ló jẹ́ olè. Òṣìṣẹ́ káńsù tó ní iye ọjà ti yí padà kí owó tó jáde kò fi gbogbo ìgbà purọ́. Ṣùgbọ́n àfikún tí a kọ síwèé pẹ̀lú ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí àfikún tí a fi pamọ́ sínú rìsíìtì òfìfo. Ìtọ́jú ẹ̀kíní ni kí wọ́n tètè máa sanwó. Ìtọ́jú èkejì ni ìmọ́lẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan. Wọ́n ní wọ́n lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ti ọgbà ìkẹ́rù dí ẹni lọ́wọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò jẹ́ ti ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ìgbálẹ̀ la fi ń gbálẹ̀ ọjà, ẹyọ kan kò lè gbá a.

A rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò sórí nǹkan wọ̀nyí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní rìsíìtì tí a kò kọ iye sí mọ́, yálà òṣìṣẹ́ káńsù ni, tíṣà ni tàbí àlùfáà. Kí a kọ ohun tó rà, iye tó san, ọjọ́ tó rà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò ìsọ̀ bá a kọ ọ́. Ẹni tó bá rú u, kí ó san owó ìtanràn bí ti ẹni tó gé kóńgò.

Èkejì, kí káńsù lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà fún iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nínú ọjà: ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, iye rẹ̀, ẹni tó gbà á, ọjọ́ tí yóò parí. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Páálí kan àti gọ́ọ̀mù ni yóò ná wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní aṣojú kan tí yóò jókòó, tí yóò máa wò, ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà bá ń ṣí ìwé iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọjà. A ò ní kí aṣojú náà dìbò, a ò sì ní kó gba iṣẹ́. Kí ó kàn rí i ni, kí ó wá ròyìn. Ẹni tó bá ń tajà fún káńsù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣojú náà.

Ẹ̀kẹrin, kí káńsù máa bi ọjà léèrè iye kí wọ́n tó kọ iye síwèé. Bí wọ́n bá fẹ́, ẹgbẹ́ lè máa kọ iye sìmẹ́ǹtì, páànù, ìṣó, korobá àti ọṣẹ sílẹ̀ lóṣooṣù, kí a fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa kọ́ la máa yan ẹni tí wọ́n máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ 14,000 sórí nǹkan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí 10,000 á mọ̀ pé ìwé kan wà tí yóò dáhùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n máa san owó àwọn tó bá tajà fún wọn láàárín oṣù kan. Bí wọ́n bá ṣe èyí, ìdajì àwáwí tí a ń gbọ́ á pòórá, àwọn ọlọ́jà kéékèèké tí kò lágbára láti tajà láwìn náà á lè tà fún wọn.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi ìwé hàn, ẹ má jẹ́ ká bú ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ ká ti ọjà pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká kọ̀wé béèrè gẹ́gẹ́ bí òfin 2011 ṣe wí, ká ka ọjọ́ méje. Ká kọ orúkọ ẹni tó gba ìwé náà àti ọjọ́ tó gbà á. Bí wọ́n bá dáhùn, ká ka èsì náà sókè nínú ọjà. Bí wọn ò bá dáhùn, ká ka ìyẹn náà sókè.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ káńsù ni olè. A mọ àwọn kan láàárín wọn tó ń fi owó ara wọn wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, tí wọn kò gba kọ́bọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn náà ni ìwé ṣíṣí yóò gbà lọ́wọ́ orúkọ burúkú. Káńsẹ́lọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú pé a ní kó jẹ́ ká rí ọwọ́ náà.

Ní ọ̀la tàbí ní ọ̀túnla, ọkùnrin kan á tún dé ìsọ̀ rẹ. Á ra korobá mẹ́wàá, ìgbálẹ̀ ogún àti páálí ọṣẹ kan. Á ná an dáadáa, á tún gba èènì. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ má kọ iye sí i." Mú bíírò, kọ iye sí i. Fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o kí i kú ọjà. Bó bá bínú lọ sí ìsọ̀ kejì, kí obìnrin ìsọ̀ kejì náà mú bíírò.

Ajé á bá gbogbo wa gbé o. Ire ni a ó fi ọjà rí.